Ọmọ mi fẹ́ Kọ́máṣíà, bàbá rẹ̀ ní Sáyẹ́ǹsì ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn (Òṣogbo)

ÌyáÒròkí kọ:

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí JSS 3 níbí ní Òṣogbo. Nínú èsì rẹ̀, Business Studies ló ti ṣe dáadáa jù, Maths rẹ̀ náà kò sì burú. Ó ti pinnu pé Kọ́máṣíà lòun ń lọ ní SS 1, kóun lè ṣe Akáǹtì, Kọ́másì àti Economics. Bàbá rẹ̀ ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ó ní àwọn tí ìwé kò yé ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀, àti pé èèyàn kò nílò ilé ìwé kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń tajà.

Aṣọ ni èmi ń tà ní Ọjà Ọba. Ọmọ yìí a máa bá mi jókòó nísọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó sì máa ń béèrè ìbéèrè tí mi ò rí èsì fún. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mo ti ọmọ síbi tí kò ti ní í rí iṣẹ́ ṣe lọ́la. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní ká dá fọ́ọ̀mù padà.

BàbáÒkèBáálẹ̀ kọ:

Ẹ kú ọjà, ìyá wa. Ẹ má bínú, ẹ̀yìn ọkọ yín ni mo wà.

Ìyá tó bí mi kò kàwé rárá. Epo pupa ló ń tà ní Ìgbọ̀nà, ó kọ́lé, ó sì rán gbogbo àwa ọmọ rẹ̀ níwèé. Ta ló kọ́ ọ ní Kọ́másì? Ọmọ tí orí rẹ̀ bá pé, ẹ jẹ́ kó lọ ṣe nọ́ọ̀sì tàbí ẹnjiníà. Bó bá wá fẹ́ ṣòwò lẹ́yìn náà, ọjà kò sá lọ. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ rò ni pé ọmọ Sáyẹ́ǹsì lè yí padà lọ ka Akáǹtì ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ọmọ Kọ́máṣíà kò lè yí padà lọ ka nọ́ọ̀sì.

TíṣàAkáǹtì kọ:

ÌyáÒròkí, ẹ kú àníyàn ọmọ. Akáǹtì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS nílùú yìí, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ bàbá wa, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń fẹ́ Biology, Chemistry àti Physics. Ọmọ tí kò bá ṣe wọ́n ní SS kò ní í rí i kà ní yunifásítì. Iṣẹ́ ẹnjiníà náà ń fẹ́ Physics àti Chemistry. Nítorí náà kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ẹ bi ọmọ yẹn léèrè dáadáa, kí ẹ má fi ìbínú bi í. Ṣé kò ní í di SS 2 kó ní nọ́ọ̀sì lòun fẹ́? Bí ọkàn rẹ̀ bá ṣì pín sí méjì, ẹ má kánjú.

Àmọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ bàbá wa kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ẹni tó bá fẹ́ ka Akáǹtì, Banking and Finance tàbí Business Administration, Maths àti Economics ló máa fi ṣe JAMB, pẹ̀lú Use of English àti ẹyọ kan sí i. Ọmọ Sáyẹ́ǹsì tí kò bá ṣe Economics ní WAEC tàbí NECO, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa dá a dúró sí. Mo ti rí irú wọn tó padà wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tó parí SS 3, tó ń wá ẹni tó máa kọ́ ọ ní Economics láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Àwọn òbí mìíràn tún rò pé Kọ́másì lè dípò Economics. Kò lè dípò rẹ̀. Ẹni tó bá ní Kọ́másì láìní Economics, ọ̀nà rẹ̀ ti há.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé àwa ilé ìwé fúnra wa la ba orúkọ Kọ́máṣíà jẹ́. Bí Maths ọmọ bá burú, wọ́n á ní kó lọ sí Kọ́máṣíà. Ọmọ tí ìṣirò ń dẹ́rù bà, ibi tó ti máa bá ìṣirò sùn tó máa bá ìṣirò jí ni wọ́n fi í sí! Bó bá wá di SS 2 tí a ń ṣe ìṣirò bí ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ṣe ń dín lówó lọ́dọọdún, tí a ń mú àkọsílẹ̀ báńkì àti àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ bára mu, ojú ọmọ á pọ́n. Àwọn òbí á ní iṣẹ́ náà le. Iṣẹ́ náà kò le kọjá agbára ọmọ tó mọ ìṣirò. Ọmọ tí kò yẹ níbẹ̀ ni wọ́n fi síbẹ̀.

Ìyá wa, ẹ ní Maths ọmọ yín kò burú, ó sì wù ú láti ọkàn wá. Irú ọmọ tí mò ń wá ní kíláàsì mi gan-an nìyẹn.

BàbáÒkèBáálẹ̀ kọ:

Tíṣà, ẹ ṣé. Mo gbà lórí Economics. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dá mi lóhùn lórí ìyá mi.

ÌyáAláàdìrẹ kọ:

Ẹ jẹ́ kí èmi dá bàbá lóhùn, torí ọjà ni èmi náà wà, mi ò sì lọ jìnnà níwèé.

Ìyá yín mọ òwò, bàbá, a ò jiyàn ìyẹn. Ìyá tèmi náà mọ̀ ọ́n. Èédú ló fi ń fa ìlà sára ògiri, ìlà kan fún agbọ̀n kan, ó sì mọ ìlà ti oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló lè ka ògiri yẹn. Ọjọ́ tó kú, gbogbo àwọn tó jẹ ẹ́ lówó ní àwọn ti san. Kò sí ẹnì kankan nínú àwa ọmọ tó lè já wọn nírọ́.

Ní báyìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní SS 2 ń gbé lọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ kan mo ń sọ fún un pé ọjà mi ń lọ dáadáa ṣùgbọ́n mi ò rí owó. Ó ní kí n ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fóun. Màá fi iye tó rọrùn ṣe é kó lè yé yín.

Mo lọ sí Gbági ní Ìbàdàn, mo ra ìdì ankara mẹ́wàá ní ₦6,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ ₦60,000. Owó mọ́tò ₦4,000, alábàárù ₦1,000. Mo délé, mo ta ìdì mẹ́jọ ní ₦7,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦60,000 nìyẹn. Mo ní, "Owó ọjà mi ti pé, ìdì méjì tó kù ni èrè mi."

Ọmọ náà ní rárá. Ó ní owó mọ́tò àti alábàárù wà lára aṣọ, nítorí náà ₦6,500 ni ìdì kọ̀ọ̀kan dé ìsọ̀, kì í ṣe ₦6,000. Ìdì mẹ́jọ tí mo tà jẹ́ ₦52,000. Èrè orí ọjà jẹ́ ₦8,000. Ó ní kí n yọ owó ìsọ̀ àti iná, ₦3,000. Ó ku ₦5,000. Ìdì méjì tó wà nílẹ̀, ọjà ni, kò tíì di èrè.

Mo bi í pé, "₦5,000 yẹn dà?" Ó ní, "Ẹ ti fi san owó lẹ́sìn fún àbúrò mi, mà." Òótọ́ ni, mo mú ₦5,000 nínú dúrọ́ọ̀ fún owó lẹ́sìn. Ó ní orúkọ tí wọ́n ń pè é ní kíláàsì ni drawings. Kì í ṣe ìnáwó ìsọ̀, owó tí ẹni tó ni òwò mú jẹ ni.

Ó wá fa ìlà sí àárín ìwé. Owó tó wà nínú dúrọ́ọ̀ jẹ́ ₦44,500. Oníbàárà kan tó mú ìdì kan láwìn jẹ mí ní ₦7,500. Ìdì méjì tó kù nílẹ̀ jẹ́ ₦13,000. Ó ṣe àròpọ̀ wọn, ₦65,000. Ó bọ́ sí apá kejì: owó tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ₦65,000, fi èrè ₦5,000 kún un, yọ ₦5,000 tí mo mú, ₦65,000. Méjèèjì bá ara wọn dọ́gba. Mo wo ìwé yẹn títí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń ta aṣọ, kò sẹ́ni tó to òwò mi síwájú mi bẹ́ẹ̀ rí.

Láti ìgbà náà, mo ní àpò tilé, mo ní àpò tìsọ̀. Bí mo bá fẹ́ mú owó nísọ̀, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìgbà tí mo yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

ÌyáÒròkí kọ:

Ìyá Aláàdìrẹ, ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ sí mi lára. Ìdì méjì tó kù yẹn ni èmi náà ń pè ní èrè. Irú ìbéèrè tí ọmọ mi ń bi mí nìyẹn o: "Mọ́mì, ṣé ẹ ka owó mọ́tò mọ́ ọn?"

ỌmọIléṣà kọ:

Àwa Ìjẹ̀ṣà tiẹ̀ ti ń ṣe èyí tipẹ́. Láyé àtijọ́, àwọn Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò wa, máa ń gbé aṣọ lọ sí abúlé lọ́nà jíjìn, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n á wá padà lọ sin gbèsè ní díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń tajà láwìn fún èèyàn púpọ̀ ní abúlé púpọ̀, bí kò bá ní ìwé, ó gbọ́dọ̀ ní orí tó pé gan-an. Ilé ìwé ń fún ọmọ tí orí rẹ̀ mọ níwọ̀n náà láǹfààní láti ṣe é.

TíṣàAkáǹtì kọ:

Ẹ ṣé gan-an, Ìyá Aláàdìrẹ. Ẹ gbà mí láàyè kí n ya àlàyé yín wọ kíláàsì.

Bàbá, ẹ wo bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí ọmọ yẹn gbà kọ ọ́, tí ohun kan ṣoṣo ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì, apá òsì àti apá ọ̀tún, 1494 ni Luca Pacioli tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní Venice. Àlùfáà ni, onímọ̀ ìṣirò sì ni. Òun kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò Venice ń gbà ṣe é ló kọ sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ irú ìyá yín ni ìwé ti kọ́ ọ! Ohun tí ilé ìwé wá ṣe ni pé ó kó ọgbọ́n ọ̀pọ̀ oníṣòwò jọ, ó fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ní kó má ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gbèsè kọ́ ọ.

Ní Òṣogbo níbí, òwò kì í ṣe ohun tuntun. Láti ìgbà tí rélùwéè ti dé ní 1907 ni kòkó àti èkùrọ́ ti ń gba ibi yìí lọ sí Èkó, tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó sì wá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ máa wo ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní Kọ́másì: ọkọ̀ ìrìnnà, ilé ìkẹ́rùsí, báńkì, ìbánigbófò, ìpolówó ọjà. Gbogbo rẹ̀ wà láàárín Station Road sí Ọjà Ọba, ẹsẹ̀ lọmọ máa fi rìn ín.

BàbáÒkèBáálẹ̀ kọ:

Àlàyé yìí wọ̀ mí. Mi ò ní í bá ìyá jiyàn lórí ìwé tó dọ́gba lápá méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọmọ kan wà nílé mi tó gba A nínú Kọ́másì. Mo ta búlọ́ọ̀kù fún ẹnì kan, mo ní kó bá mi kọ rìsíìtì. Kò mọ̀ ọ́n kọ. Ó ka ìwúlò rìsíìtì méje fún mi láìtàsé, kò mọ ibi tí a ti ń kọ déètì sí. Tíṣà, ṣé kíláàsì tí ẹ ń sọ yìí ni èyí tí àwọn ọmọ wa ń wà níbẹ̀ lóòótọ́?

TíṣàAkáǹtì kọ:

Bàbá, ẹ fọwọ́ kan ibi tó ń dùn wá. Rárá, kì í ṣe gbogbo kíláàsì ló rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, tíṣà ń ka nóòtì, ọmọ ń kọ, ó di ọjọ́ ìdánwò kó tó pọ̀ ọ́ jáde. Nígbà tí àwa wà ní JSS, typewriting àti shorthand wà nínú Business Studies, ṣùgbọ́n èèyàn lè ṣe é dé JSS 3 kó má fọwọ́ kan ẹ̀rọ tẹ̀wétẹ̀wé rí. Ní báyìí kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ́ wọn, ojú pátákó náà ni ọ̀pọ̀ ti ń rí i.

Èmi kì í jẹ́ kí ọmọ kọ́ rìsíìtì láìmú bébà rìsíìtì wá látilé. Rìsíìtì ilé oògùn, ti ilé epo, ti oníbúlọ́ọ̀kù, èyíkéyìí tí wọ́n bá rí. A ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, a ó máa béèrè: ta ló gba owó, ta ló san án, ibo ni nọ́ńbà rẹ̀ wà, kí ló dé tí ẹ̀dà rẹ̀ fi kù lọ́wọ́ ẹni tó tajà? Lẹ́yìn èyí, ọmọ á kọ tirẹ̀. Kò ná ilé ìwé ní kọ́bọ̀.

Nítorí náà ìyá wa, kí ẹ tó yan ilé ìwé fún SS, ẹ lọ béèrè ẹni tó ń kọ́ wọn ní Akáǹtì. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé iṣẹ́ ọmọ SS 2 kan hàn yín. Bó bá jẹ́ nóòtì nìkan ló kún inú rẹ̀, tí kò sí ìlà, tí kò sí ìṣirò tí tíṣà fi bírò pupa tún ṣe, ẹ máa wá ibòmíràn lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́SS3 kọ:

Ẹ káàsán mà, ẹ káàsán sà. Ọmọ Kọ́máṣíà ni mí, Òṣogbo ni mo wà. Mo fẹ́ sọ tèmi fún àǹtí tó fẹ́ wọ SS 1.

Akáǹtì dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé tí èèyàn ń fi alẹ́ ọjọ́ kan kà. Ojoojúmọ́ ni. Ìgbà tí trial balance (àròpọ̀ gbogbo apá òsì àti gbogbo apá ọ̀tún) kọ́kọ́ kọ̀ láti dọ́gba fún mi, ẹkún ni mo fẹ́ sun. Tíṣà wa wá kọ́ wa pé ká mú ìyàtọ̀ tó wà láàárín apá méjèèjì, ká fi 9 pín in. Bó bá pín géérégé, ká wá ibi tí a ti gbé nọ́ńbà méjì fún ara wọn, bí ẹni tó fẹ́ kọ 540 tó kọ 450. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 90, 9 sì pín in. Bí kò bá pín, ká pín ìyàtọ̀ náà sí méjì, ká wá iye yẹn, bóyá a ti kọ ọ́ sí apá tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti fi èyí rí àṣìṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Wọ́n tún ní ká má fọkàn tán an bó bá dọ́gba. Bí mo bá gbàgbé láti kọ ọjà kan sílẹ̀ pátápátá, apá òsì kò gba nǹkan kan, apá ọ̀tún kò gba nǹkan kan, á dọ́gba náà, irọ́ ló sì ń pa.

Àwọn ọmọ Sáyẹ́ǹsì máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a ò mọ̀wé. Kí àǹtí má dá wọn lóhùn o, kó mú Maths rẹ̀ dáadáa.

Ayẹ̀wéwòÈkó kọ:

Ọmọ Òṣogbo ni mí, Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n yẹ ìwé owó àwọn ilé iṣẹ́ wò, Kọ́máṣíà ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí ìyá ń bẹ̀rù.

Àwọn èèyàn rò pé báńkì nìkan ni ọmọ Kọ́máṣíà ń lọ. Kò sí ibi tí owó ń wọlé tó ń jáde tí wọn kò nílò ẹni tó máa kọ ọ́: ilé ìwòsàn, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀, ìjọba ìbílẹ̀. Akintola Williams, tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di chartered accountant, ní 1949, Yorùbá bíi tiwa ni. Ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ l'Ékòó ní 1952, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáǹtáǹtì Nàìjíríà, tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1965. Ó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún kó tó kú ní 2023.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ìyá, torí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó bá ní kírẹ́dìtì márùn-ún ní WAEC tàbí NECO, tí Maths àti English wà nínú rẹ̀, lè bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ATS (Accounting Technicians Scheme) lọ́dọ̀ ICAN láìtíì wọ yunifásítì. Bí JAMB bá fi í sílé fún ọdún kan, kò ní í jókòó lásán. Ìdánwò náà kò rọrùn, ó sì ń gba owó, mi ò ní í purọ́ fún yín. Ẹni tó bá sì fẹ́ yunifásítì tó sún mọ́lé, UNIOSUN ní ẹ̀ka rẹ̀ ní Òkukù fún irú ẹ̀kọ́ yìí, Fountain University sì wà nínú Òṣogbo gan-an.

Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí mo ní fún bàbá ọmọ ni pé kí wọ́n má fi Kọ́máṣíà wé Sáyẹ́ǹsì bí ẹni ń fi ọmọ wé ọmọ. Kí wọ́n wo ọmọ tó wà níwájú wọn. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin jọ dàgbà ni, ó wà nílé oògùn lónìí, èmi wà nídìí ìwé owó. Bí wọ́n bá pààrọ̀ wa ni, àwa méjèèjì ì bá ti kọsẹ̀.

ÌyáÒròkí kọ:

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá sí i. Olúwa á bá wa wo àwọn ọmọ tiyín náà.

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ lálẹ́ àná. Ibi ìdì ankara mẹ́wàá yẹn ni wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n mú bírò, wọ́n sì tún un ṣírò fúnra wọn. Wọ́n pe ọmọ náà, wọ́n bi í bóyá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà wù ú lọ́kàn. Ó ní rárá, ẹ̀jẹ̀ pàápàá ń bà á lẹ́rù, pé ìwé owó ilé iṣẹ́ ńlá lòun fẹ́ máa yẹ̀ wò. Wọ́n ti fọwọ́ sí Kọ́máṣíà. Wọ́n ní àdéhùn ni o: bí Maths bá fi lè já wálẹ̀ ní táàmù àkọ́kọ́, àwọn máa tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Ọ̀la ni mò ń lọ béèrè tíṣà Akáǹtì àti ìwé iṣẹ́ ọmọ SS 2 bí Tíṣà ṣe wí. Ó ku ìbéèrè kan. Ṣé kí n ti ra ìwé Akáǹtì sílẹ̀ fún un ní ọlidé yìí, àbí kí n dúró?

TíṣàAkáǹtì kọ:

Ẹ dúró di ìgbà tí ilé ìwé bá sọ èyí tí wọ́n ń lò, kí owó má ṣòfò. Ní ọlidé yìí, ẹ ra ìwé ńlá kan tó ní ìlà fún un, kó máa kọ ohun tó bá wọlé àti ohun tó bá jáde nísọ̀ yín lójoojúmọ́, títí kan èyí tí ẹ bá mú lọ sílé. Kó mú un wọ SS 1.

Akẹ́kọ̀ọ́SS3 kọ:

Mà, mo ní ìwé Kọ́másì àti Maths SS 1 tí mi ò lò mọ́. Wọ́n ṣì mọ́ dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi ibi tí ìsọ̀ yín wà ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, màá gbé e wá sí Ọjà Ọba ní Sátidé.